Rhode Island Wà Nínú Ẹgbẹ́ Wa

Wálé: Fúnkẹ́, má tíì kí àwọn olùgbọ́. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Sátidé yẹn ò tíì tán nínú mi.

Fúnkẹ́: Bọ̀dá Wálé, owó họ́ọ̀lù yẹn náà ni?

Wálé: Òun náà ni! Ẹ̀ka mẹ́jọ nawọ́ sókè pé àwọn á dáwó. Méjì péré ló san. Ta ló máa mú àwọn tó kù? Òfin ẹgbẹ́ ní "a rọ̀ yín". A rọ̀ yín! Mo délé, ọmọ mi ń ka ìtàn Amẹ́ríkà, mo yọjú wò ó, ẹgbẹ́ wa rèé! Láti 1781, ìjọba àpapọ̀ wọn ò lè gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀ 13. Wọ́n jẹ sójà lówó, wọ́n jẹ Faransé lówó. Wọ́n ní kí wọ́n kàn gba owó ibodè díẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Rhode Island ní òun ò ṣe.

Fúnkẹ́: Rhode Island tí orin kan ò ní tán kéèyàn tó wà á kọjá?

Wálé: Òun! Ní 1786, àwọn àgbẹ̀ onígbèsè ní Massachusetts gbé ìbọn, wọ́n ń ti kóòtù pa. Ìjọba àpapọ̀ ò rí sójà rán. Àwọn oníṣòwò Boston ló dáwó ogun. Ni wọ́n bá lọ kọ òfin tuntun ní Philadelphia ní 1787. Àwọn olóṣèlú mẹ́ta, Hamilton, Madison àti Jay, gbè é lẹ́yìn, wọ́n kọ àpilẹ̀kọ 85, orúkọ Publius ni wọ́n fi bojú. Hamilton ní òfin tí kò ní ìjìyà, ìmọ̀ràn lásán ni.

Fúnkẹ́: Ẹ dúró ná. Àwọn aláṣẹ àárín ẹgbẹ́ wa tí ẹ fẹ́ fún lágbára yìí, ṣé kì í ṣe ọwọ́ wọn ni kúlà ẹgbẹ́ ti sọnù?

Wálé: Má dá kúlà sílẹ̀ o.

Fúnkẹ́: Mo ti dá a sílẹ̀! Patrick Henry, tó tako òfin tuntun ti Amẹ́ríkà yẹn, náà bẹ̀rù àwọn tó máa jókòó sí àárín. Nílé ńkọ́? Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, wọn ò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àárín. Ọ̀gágun Ironsi, olórí ìjọba ológun, ní kí gbogbo ẹkùn di ọ̀kan ní oṣù karùn-ún 1966. Kí oṣù keje tó parí, wọ́n ti pa á.

Wálé: Sójà nìyẹn! Madison pín agbára ọ̀hún sọ́nà mẹ́ta...

Fúnkẹ́: Kí wọ́n pín kúlà náà.

Wálé: (ẹ̀rín) Fúnkẹ́!

Fúnkẹ́: Rhode Island wá wọlé nígbẹ̀yìn?

Wálé: Ní 1790. Ìbò 34 sí 32. Wọ́n ti fẹ́ ká a mọ́ ìta ọjà ni. Ó dáa, ẹ̀ka tiyín ńkọ́, ẹ ti san?

Fúnkẹ́: Ẹ jẹ́ ká kí àwọn olùgbọ́.

Wálé: Rhode Island!

Fúnkẹ́: A máa san o, bọ̀dá. Tí ẹ bá ti rí kúlà.