Ara Gbígbóná Ọmọ Tó Ń Gba Oògùn Jẹjẹrẹ: Ẹ Má Pè É Ní Ibà Lásán

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ní Ìlọrin níbí, bí ara ọmọ bá gbóná, ibà la máa ń pè é. A ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, a ó fi parasitamọ́ọ̀lù kún un, a ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ kò lè dúró dilẹ̀ mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ ni oògùn yìí ń pa. Jẹjẹrẹ ń yára pọ̀, àmọ́ mùdùnmúdùn egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà ń yára, awọ ẹnu àti ti ìfun náà ń yára. Oògùn kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Lọ́jọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, nutrofíìlì, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń kọ́kọ́ dojú kọ bakitéríà, á wálẹ̀ gan-an. Bí kò bá tó 500 nínú ẹ̀jẹ̀ tó kéré bí orí píìnì, ewu ti dé. Bakitéríà tó ti ń gbé inú ìfun ọmọ jẹ́jẹ́ á wá gba ojú egbò ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kí ìyá kankan má dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé ilé òun ló dọ̀tí.

Ohun tó ń tan òbí jẹ jù nìyí: òkú nutrofíìlì ló pọ̀ jù nínú ọyún. Ọmọ tí kò ní nutrofíìlì kì í sábà lọ́yún. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé lè kàn pọ́n díẹ̀, kó máa dùn ún bí a bá fọwọ́ kàn án, kó má wú, síbẹ̀ kí àrùn ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ara gbígbóná lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí ẹ máa rí.

Ẹ ní tẹmómítà nílé. Ẹ nu abíyá ọmọ gbẹ, ẹ ki imú tẹmómítà bọ àárín abíyá, ẹ tẹ apá mọ́ ẹ̀gbẹ́ títí á fi dún. Bó bá kọ 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo aago, ẹ gbéra. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: nọ́ńbà á wálẹ̀, àrùn á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má fi tẹmómítà, oògùn tàbí àgbo sí ìdí ọmọ. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bó bá bó, ọ̀nà ti là fún bakitéríà nìyẹn. Bí ọmọ bá ń gbọ̀n, tó tutù, tó ń sùn ṣáá, ẹ gbéra bí kò tiẹ̀ kọ 38.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ má tò sórí ìlà. Ẹ sọ ọ́ sókè: “Ọmọ yìí ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ara rẹ̀ gbóná.” Láàárín ìṣẹ́jú 60 tí ẹ débẹ̀ ló yẹ kí antibáyọ́tíìkì ti wọ iṣan rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọn kì í dúró de èsì. Kódà bí wọ́n bá bá kòkòrò ibà lára rẹ̀, antibáyọ́tíìkì kò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán, ọ̀nà yín jìn. Ẹ ti bi dókítà yín ṣáájú: ilé ìwòsàn wo nítòsí ló lè fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí ẹ tó máa bọ̀ ní Ìlọrin?

Ní ti oúnjẹ, wàrà tó ti wà nínú omi lọ́jà láti àárọ̀, ẹ dín in kó gbóná dénú. Núnú tí wọn kò sè, rárá. Bí èéyi tàbí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá sì mú ọmọ mìíràn nínú agboolé, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró kó yọ sí tiyín lára. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni oògùn ààbò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù.