GRE: Ẹ Ka Ti Ìsàlẹ̀!

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ti múná lọ ní Kubwa l'Abuja níbí o, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Ẹ bá mi fara dà á.

Àròkọ GRE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe láti wọ yunifásítì fún másítà, la fẹ́ sọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá ṣì ń kọ́ yín ní méjì, ìwé àtijọ́ ló ń kà.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣubú rèé. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan sókè, wọ́n á wá kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe sísàlẹ̀ rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ yẹn kì í dúró sójú kan! Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fara mọ́ ọn tó. Nígbà mìíràn, ibi tí ìmọ̀ràn náà á ti wúlò àti ibi tí kò ti ní wúlò ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ̀yin ti ka ti òkè tán, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ wàrà-wàrà. Ẹ KA TI ÌSÀLẸ̀!

Mo gbé aṣọ fún télọ̀ kan níbí, mo ní kó bá mi rán agbádá tí màá wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi n'Ílọrin. Káfútànì ló rán. Iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ dára, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bẹ̀ ẹ́ ní káfútànì? Àròkọ tèmi àkọ́kọ́ nìyẹn gan-an: gírámà ńlá ńlá, wọ́n fún mi ní 3 nínú 6.

Ó dáa. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé kí orílẹ̀-èdè kó olú ìlú rẹ̀ kúrò níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù. Ìsàlẹ̀ ní kẹ́ ẹ sọ ìgbà tó dára àtìgbà tí kò dára. Ẹ yọjú lójú fèrèsé! Abuja nìyí. Òfin rẹ̀ jáde ní 1976, ìjọba kó dé láti Èkó ní December 12, 1991. Àyè wà, àárín orílẹ̀-èdè ló wà: ó dára. Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ ńkọ́? Súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè ńkọ́? Àpẹẹrẹ kan péré, ẹ ti dáhùn apá méjèèjì. Kí lẹ ń wá Plato lọ fún?

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀ fún sípẹ́lì, kọ̀ǹpútà wọn kì í bá yín tún un ṣe.

ETS, àwọn tó ń ṣe ìdánwò GRE, ti kó gbogbo ìbéèrè àròkọ tó lè jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú ọ̀kan lálẹ́ yìí. Ẹ fọwọ́ bo ti òkè, ti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.