Ta ló wa yàrà Erédò, báwo la sì ṣe fẹ́ mọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síbí, mo kàn gé e kúrú ni.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Erédò ò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ò bá tíì wọ inú ẹ̀ rí kó wá àyè lọ, ògiri ilẹ̀ pupa ló dúró gbọnrangandan lọ́tùn-ún lósì, ewéko tútù ti bo ara ẹ̀, igi sì ti ṣíji bo òkè débi pé òòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí 20 mítà, gígùn gbogbo ẹ̀ yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Kò sí katapíla nígbà yẹn o, ọwọ́ èèyàn ni!

Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n ní Òkè-Ẹ̀rì, wọ́n á ní Bílíkísù Súngbọ́ ló ni ín, obìnrin olówó tí ò bímọ, tó ní kí wọ́n wa yàrà náà káyé má bàa gbàgbé òun. Àwọn kan tún sún un síwájú, wọ́n ní òun gan-an ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Ní 1999, nígbà táwọn oníròyìn òkè òkun gbé iṣẹ́ Patrick Darling jáde, òyìnbó tó rin yàrà náà tó sì wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ Ṣébà yìí ló gba ẹnu gbogbo ayé kan, ìwọ̀n yàrà tí ọkùnrin yẹn forí ṣe kò rẹ́ni bá a sọ ọ́.

Awalẹ̀pìtàn ò ní bá yín jiyàn, èédú ló máa wá. Igi tó wà láàyè ń fa kábọ̀n látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀ nínú ẹ̀ ni kábọ̀n 14, tígi bá ti kú kò fa òmíì mọ́, èyí tó wà lára ẹ̀ á máa dínkù, tó bá fi máa tó 5,730 ọdún á ku ìdajì, láàbù á wọn èyí tó kù wọ́n á sì fi ṣírò ọdún. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti he èédú yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó wà lábẹ́ odi, lórí ilẹ̀ táwọn èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ lé e, ó ti wà níbẹ̀ kí odi tó dé, odi ò lè dàgbà jù ú lọ. Èyí tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ tí òjò gbá jọ sísàlẹ̀ yàrà, wọ́n ti wa yàrà tán kó tó débẹ̀. Àárín méjèèjì lẹ ti máa há ọdún náà mọ́. Òkété sì lè wa ihò kó wọ́ èédú àná lọ sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń gbára lé ẹyọ kan.

Gérard Chouin àti Ọláńrewájú Lásísì wà lára àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, nǹkan bí 1370 sí 1420 ni wọ́n fi í sí. Ti Ṣébà àti Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún. Kò bára mu rárá, ẹ jẹ́ ká fi Ṣébà sílẹ̀ jàre.

Òpìtàn ní tiẹ̀, ìwé ló ń tú. Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Potogí, kọ̀wé láàárín 1505 sí 1508 pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Geebuu, yàrà ńlá yí i ká, ọba wọn ń jẹ́ Agusale, ìyẹn Awùjalẹ̀ wa, wọ́n sì ń ta ẹrú ní ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15. Ẹ gbọ́, èèyàn o, ẹ̀gbà 12! Ṣùgbọ́n ìlú ló ní yàrà yí ká, Erédò sì gba gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣé odi ìlú ló ń sọ ni àbí Erédò? Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu àwọn oníṣòwò etí òkun ló ti gbọ́ ọ. Irú ìbéèrè báyìí ni òpìtàn gidi ń bi ìwé kó tó gbà á gbọ́.

Àwọn tó ń kọ́ nípa ìgbé ayé èèyàn, ìbéèrè lẹ́nu èèyàn niṣẹ́ tiwọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà, Osifekunde ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀, wọ́n jí i gbé ní 1820, wọ́n tà á sí Brazil, ó wá bára ẹ̀ ní Paris. D'Avezac, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, fi ìbéèrè wá a lẹ́nu wò nípa ìlú, aṣọ, ọba, èdè, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845. Ìṣúra ni fún wa. Àmọ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹni tó ti kúrò nílé fún nǹkan bí ogún ọdún, ohun tí ọkùnrin oníṣòwò bá sì mọ̀, ìyàwó ilé tàbí ẹrú ààfin lè má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan wá bi mí pé, ‘Ọmọ mi, ṣé irọ́ lẹ wá pe Súngbọ́ báyìí ni?’ Mo ní rárá o, Mà. Ṣébà ni èédú lé lọ, kò lé Súngbọ́. Ó lè jẹ́ pé obìnrin ńlá kan wà lóòótọ́, tàbí pé orúkọ ẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ yàrà náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, èédú ò lè sọ ìyẹn.

Bọ̀dá kan ní kí ni ò jẹ́ kí wọ́n kúkú wa sàréè ẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì. Mo ní mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ló ń lọ gbàdúrà níbẹ̀, ta ló fẹ́ gbé ṣọ́bìrì lọ bá wọn? Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà, láàbù lè sọ pé egungun obìnrin ni, ó lè sọ nǹkan bí ọdún tó kú, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé Súngbọ́ lorúkọ ẹ̀. Bọ̀dá ní òun ṣì fẹ́ kí wọ́n wà á, ni gbogbo ilé bá hó yèè.