Bí Àwọn Ará Jámánì Ṣe Di Ará Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ péjọ síbí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn tí wọ́n ṣí láti Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí pé ìtàn wọn kò bá èrò tí ó wọ́pọ̀ mu, èyí tí ó sọ pé ṣe ni àjèjì máa ń fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tí ó fipá mú un.

Nígbà ìkànìyàn ọdún 1910, àwọn tí a bí sí Jámánì àti àwọn ọmọ wọn tí a bí sí Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Wọ́n ní ìwé ìròyìn, ìjọ àti ẹgbẹ́ akọrin tiwọn. Láti ọdún 1840 ni èdè Jámánì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Cincinnati. Lóòótọ́, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn kan ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èdè máa rẹ̀yìn, ọ̀tọ̀ ni kí ìjọba sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun pẹ̀lú Jámánì. Nígbà tí yóò fi pé ọdún kan, àwọn jàǹdùkú so Robert Prager, ọmọ bíbí Jámánì, rọ̀ sórí igi ní Collinsville, ìpínlẹ̀ Illinois; ilé ẹjọ́ sì dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, Gómìnà Harding ti ìpínlẹ̀ Iowa pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ẹnikẹ́ni máa sọ ní ilé ẹ̀kọ́, ní gbangba, lórí tẹlifóònù àti nínú ìsìn; kí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ máa sin Ọlọ́run nílé rẹ̀. Ẹ wo ìyá àgbà tí ó ti ń jọ́sìn ní èdè rẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n wá sọ fún pé kí ó jókòó sílé! Ní ìpínlẹ̀ Nebraska, tí òfin rẹ̀ ka kíkọ́ ọmọdé ní èdè àjèjì léèwọ̀, wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 25 lé olùkọ́ kan, Robert Meyer, nítorí pé ó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìwé kíkà lédè Jámánì. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin Nebraska náà ní ọdún 1923, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Schmidt ti di Smith, Müller ti di Miller. Àwa tí a gbà pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó.

Síbẹ̀, nígbà tí ìkànìyàn ọdún 1980 bi àwọn ènìyàn léèrè orírun wọn, nǹkan bí mílíọ̀nù 49 ni wọ́n dárúkọ Jámánì. Èdè ti lọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí ó kù ni oúnjẹ, orúkọ ìdílé, àti Oktoberfest, àjọ̀dún àwọn ará Jámánì, tí Cincinnati ń ṣe láti ọdún 1976. Ẹni tí ó bá wù ú yóò pe ara rẹ̀ ní ọmọ Jámánì, ẹni tí kò bá wù yóò dákẹ́, kò sì sí ohun tí yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Àyè yìí kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ibi tí ó sì dùn mí jù nínú ìtàn náà nìyí. Òfin ọdún 1790 fi ẹ̀tọ́ àtidi ọmọ onílùú mọ sí ọ̀dọ̀ aláwọ̀ funfun, nítorí náà ará Jámánì tí ó yí orúkọ padà lè rá mọ́ àwùjọ, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè mọ́. Ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ ó di ọdún 1868 kí ìwé òfin ilẹ̀ náà tó kà á sí ọmọ onílùú.