Michael Madigan: wọ́ọ̀dù ló gbé e ga, wọ́ọ̀dù náà ló gbé e ṣubú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn tí ò ráyè wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òṣèlú ìpínlẹ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, òun nìyí. Michael Madigan, ará Chicago, ni mo mú. Kò ṣe gómìnà rí, kò sì dé Washington, síbẹ̀ ọdún 36 ló fi jẹ́ sípíkà ilé aṣòfin Illinois, kò tíì sẹ́ni tó pẹ́ tó o nírú ipò yẹn ní ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà. Gómìnà méje ló bá a níbẹ̀, méjì nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n, òun ṣì jókòó.

Báwo lèèyàn ṣe ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ẹnu dídùn o, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Wọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ wò. Lọ́dún 1969, ọmọ ọdún 27 péré, ló di olórí pátì Democrat ní Wọ́ọ̀dù 13, lọ́nà pápákọ̀ òfurufú Midway ní Chicago, níbi tí bàbá ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ṣáájú, bàbá yẹn sì mọ Richard J. Daley tó jẹ́ méyọ̀ ìlú dáadáa. Níbẹ̀, tí wọn ò bá kó pàǹtírí, tí igi bá wó dí títì, tí ọmọ ẹnì kan bá ń wáṣẹ́, àwọn èèyàn wọ́ọ̀dù lẹ máa pè, àwọn tó bá yín yanjú ẹ̀ náà ló máa kanlẹ̀kùn yín nígbà ìdìbò. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, mi ò ní fojú kéré ẹ̀ láéláé, torí ọ̀pọ̀ olóṣèlú tiwa nílé, tí ìbò bá ti parí, ó dìgbà míì ká tó rí wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá wọnú ilé aṣòfin, ọwọ́ ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń pín àbá òfin wà, èyí tí ò bá fẹ́, ibẹ̀ ló máa kú sí. Láti 1998 dé 2021 ló tún fi jẹ́ alága pátì Democrat ní Illinois, ìyẹn ni pé owó ìpolongo náà ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá nígbà yẹn. Àti máàpù o! Òfin ìpínlẹ̀ tọdún 1970, òun náà wà lára àwọn tó kọ ọ́, sọ pé táwọn pátì méjèèjì ò bá fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín agbègbè ìdìbò, wọ́n á kó orúkọ sí fìlà, wọ́n á mú ọ̀kan, pátì tí wọ́n bá mú tiẹ̀ ló máa lágbára láti ya máàpù. Lọ́dún 1981 ó bọ́ sọ́wọ́ Democrat, lọ́dún 1983 ó di sípíkà. Ti 1991 bọ́ sọ́wọ́ Republican, nígbà tó sì di 1994 ilé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 1996, lórí máàpù táwọn ọ̀tá ẹ̀ yà, ó gbà á padà. Níbẹ̀ yẹn mo gbà fún un.

Mi ò gbà fún un lórí ìjà òun àti Gómìnà Bruce Rauner ti pátì Republican o, ó lé ní ọdún méjì tí ìpínlẹ̀ ò fi ní bọ́jẹ́ẹ̀tì tó péye, Chicago State University fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní lẹ́tà pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi.

Ibi tó ti fọ́ wá nìyí. Láti 1972 ni kọ́ọ̀tù ti ń dènà kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ìlú san oore òṣèlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yín kanlẹ̀kùn ṣì ń retí nǹkan, àbí? ComEd, iléeṣẹ́ iná tó nílò òfin lọ́wọ́ ilé aṣòfin, ló wá ń sanwó fáwọn èèyàn Madigan láti 2011 dé 2019, mílíọ̀nù 1.3 dọ́là, fún iṣẹ́ tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe, àwọn ará wọ́ọ̀dù ẹ̀ sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2020 ComEd gbà pé òótọ́ ni, wọ́n san mílíọ̀nù 200 dọ́là owó ìtanràn. Ní January 2021, ìbò 60 tí Madigan nílò láti tún di sípíkà ò pé, Chris Welch gba àga, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nípò yẹn. Ní February 2025 kọ́ọ̀tù dá Madigan lẹ́bi ẹ̀sùn 10, wọ́n dá a láre lórí 7, ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ (jury) ò fẹnu kò lórí 6. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje àtààbọ̀ àti mílíọ̀nù 2.5 dọ́là ladájọ́ dá fún un. Ẹni ọdún 83 ni nígbà tó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lóṣù October 2025.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọ̀wé bẹ adájọ́ nítorí ẹ̀, wọ́n ń ka oore tó ṣe, mo sì gbà pé wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri àríwá Illinois ló ń sanwó iná fún ComEd, àti àwọn tí ò dé Wọ́ọ̀dù 13 rí, kò sì sẹ́ni tó wá kan ilẹ̀kùn tiwọn.