Ẹ̀jẹ̀ Tó Lọ Sílẹ̀ Kì í Ṣe Àìsàn Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó. Ní Adó-Èkìtì yìí, bí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn pé PCV rẹ̀ (ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 24, ilé oògùn ló ń gbà lọ tààrà láti ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bá wá ni pé kí a tó ra ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ bi àwọn ará láàbù: báwo ni sẹ́ẹ̀lì pupa náà ṣe tóbi tó?

PCV ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kéré tó, kò sọ ohun tó fà á. Lórí ìwé àyẹ̀wò FBC, ìyẹn àyẹ̀wò gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MCV sí. Ìtóbi sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń wọ̀n. Fún àgbàlagbà, láàárín 80 sí 100 ló yẹ kó wà. Bí kò bá tó 80, èròjà irin ló sábà máa ń wọ́n lára: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya púpọ̀, tàbí ẹni tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín, tí ẹ̀jẹ̀ sì kéré, a óò máa ro ti kíndìnrín, ibà, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lára. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó kọjá 100 ló mú mi wá, nítorí a kì í fura sí i.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀ (ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé), folic acid àti fítámìn B12 ló sì ń mú iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ́n, sẹ́ẹ̀lì á máa sanra, kò ní lè pín. Ó dà bí iyán odó kan tó yẹ ká bù fún èèyàn mẹ́wàá, tí a bù fún mẹ́rin: ti oníkálukú tóbi, àmọ́ kò kárí. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì náà tilẹ̀ ń kú sínú egungun kí wọ́n tó jáde.

Dókítà obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Lucy Wills, rí irú èyí lára àwọn aboyún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Bombay (Mumbai òde òní) ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní 1931 ó kọ ọ́ síta pé ohun tí wọ́n yọ lára ìwúkàrà (yeast) mú wọn sàn. Oje ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti sẹ́ mọ́, tó ń wo àwọn tí kò ní B12, kò ran àwọn aboyún wọ̀nyẹn lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì àwọn méjèèjì tóbi bákan náà, ohun tó ń ṣe wọ́n sì yàtọ̀: folic acid ló wọ́n lára àwọn aboyún náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí B12 ni kò tó, tí a fún aláìsàn ní folic acid nìkan, PCV rẹ̀ lè gòkè, gbogbo ilé á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n B12 ló ń dáàbò bo iṣan ìmọ̀lára, folic acid kò lè ṣe ìyẹn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ṣe é wìnnìwìnnì, ìrìn rẹ̀ kò ní gún mọ́, á máa gbàgbé nǹkan. Ará ilé á ní ogbó ni, tàbí ayé ni. Bí ó bá pẹ́ jù, ohun tó bàjẹ́ lè má padà bọ̀ sípò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún pípẹ́, àti ẹ̀yin àgbà, ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 yín wò.

Ẹmu àti ògógóró náà ń mú sẹ́ẹ̀lì tóbi, kódà kí ẹ̀jẹ̀ tó dín. Bí èèyàn bá jáwọ́, ó lè gbà tó oṣù mẹ́rin kí MCV tó padà, nítorí nǹkan bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò. Àìsàn ẹ̀dọ̀ àti tháírọ́ìdì (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ tó náà ń fà á. Ẹni tó ní sickle cell tó ń lo hydroxyurea, kó má bẹ̀rù bí MCV rẹ̀ bá gòkè: iṣẹ́ oògùn náà ni, kó má torí rẹ̀ dá a dúró.

Ìyá kan béèrè bóyá ẹ̀fọ́ nìkan tó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà ní fólétì (irú folic acid tó wà nínú oúnjẹ), àmọ́ bí a bá bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí a fún un, tí a da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá omi lọ. Ẹ gé e, kí ẹ sè é fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí omi rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀. Ní ti B12, kò sí nínú ewé: inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà. Ẹni tí inú rẹ̀ kò lè gbà á mọ́, abẹ́rẹ́ ni dókítà sábà máa ń kọ fún un.