Òfin Ìgbà Òtútù Nílùú Chicago: Ẹ Wo Ọjọ́, Ẹ Má Wo Ojú Ọ̀run

Ẹ kú òtútù o, gbogbo ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Chicago, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo àmì òpópónà tó wà lójú fídíò yìí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n máa wọ́ mọ́tò tí wọ́n bá bá níbẹ̀ láti aago mẹ́ta òru sí aago méje àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin. Kò sí ọ̀rọ̀ yìnyín lára rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá, tó rí i pé ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run, tí ilẹ̀ sì gbẹ táútáú, á sọ fún ara rẹ̀ pé òfin ìgbà òtútù kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kó tó jí lówùúrọ̀, wọ́n ti wọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Máìlì 107 lára àwọn òpópónà ńláńlá ni òfin yìí kàn. Ẹni tí wọ́n bá wọ́ mọ́tò rẹ̀ máa san owó ìwọ́mọ́tò tí kò dín ní 150 dọ́là, á san 60 dọ́là lórí tíkẹ́ẹ̀tì, á sì tún máa san 25 dọ́là fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mọ́tò náà bá fi wà ní àgbàlá tí wọ́n wọ́ ọ lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta wá owó kiri ti jẹ 285 dọ́là, láìtíì ka owó ọkọ̀ tó máa wọ̀ débẹ̀ àti owó iṣẹ́ tó máa pàdánù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, pé ẹni tó bá sì dé láti ibi iṣẹ́ ní aago méjì òru, tí oorun ti kún ojú rẹ̀, ibi tó bá kọ́kọ́ rí ló máa fẹ́ páàkì sí. Àmọ́ àyè tó ṣófo gbalasa ní òpópónà ńlá ní irú wákàtí yẹn kì í ṣe oríire. Àwọn ará àdúgbò tó mọ òfin ni wọ́n ti gbé mọ́tò wọn kúrò níbẹ̀.

Ìdí tí ìjọba ìlú fi so òfin náà mọ́ ọjọ́, tí wọn kò so ó mọ́ yìnyín, kò ṣòro láti lóye. Bí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ ní aago kan òru, kò sí ẹni tó máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ gbé mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń kó yìnyín kò lè kọjá láàárín mọ́tò tó wà ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn òpópónà wọ̀nyí sì ni bọ́ọ̀sì, áńbúláǹsì àti àwọn panápaná ń gbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí gbogbo wa ti sọ ọ́ di àṣà kí yìnyín tó dé.

Òfin kejì wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Èyí kan nǹkan bíi máìlì 500 mìíràn, àmì tirẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí pé òun dá lórí yìnyín ní tòótọ́: bí yìnyín tó wà lójú títì bá ti pé ínṣì méjì, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ páàkì síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru, oṣù yòówù kó jẹ́. Ẹ rìn dé ìparí òpópónà yín lónìí, kí ẹ wo èyí tó wà níbẹ̀ nínú àmì méjèèjì.

Bí ẹ bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ìjọba ìlú yìí fi ń ṣe wàhálà tó báyìí lórí yìnyín, ìtàn wà nídìí rẹ̀. Yìnyín ti gba ipò lọ́wọ́ méyọ̀ rí ní Chicago. Ní oṣù Kìíní ọdún 1979, nǹkan bíi ogún ínṣì yìnyín já bọ́ láàárín ọjọ́ méjì, lórí èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà dí, ìdọ̀tí ṣẹ́jọ, àwọn ọkọ̀ ojú irin sì ń sáré kọjá àwọn ibùdókọ̀ kan láìdúró, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, tí àwọn èèyàn tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró nínú òtútù tí wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Wọn kò gbàgbé. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, nígbà tí ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat dé, wọ́n fi ìbò lé Michael Bilandic, tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà, kúrò, wọ́n sì fa Jane Byrne kalẹ̀, ẹni tó wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ méyọ̀ ìlú náà. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe rìn kọjá àwọn aláwọ̀ dúdú yẹn dun àwọn olùdìbò ju yìnyín fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ̀ka ìjọba ìlú tó ń bójú tó títì àti ìmọ́tótó á kó ọkọ̀ tó tó nǹkan bíi 300 jáde, àwọn tó ń da iyọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń fi abẹ irin iwájú wọn gbá yìnyín sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn òpópónà ńlá àti Lake Shore Drive, ọ̀nà etí adágún Michigan, ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, torí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2011 tún ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò há sójú ọ̀nà náà mọ́jú. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó ń yà sí àwọn òpópónà kéékèèké tí ilé wa wà. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí ọkọ̀ kankan níwájú ilé yín ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, kì í ṣe pé wọ́n ti gbàgbé yín. Ìjọba ìlú gbé àwòrán ilẹ̀ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà hàn. Láti ọdún 2023 ni wọ́n tiẹ̀ ti ń ní kí àwọn ará ìlú dìbò fún orúkọ tí wọ́n máa sọ díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà, mo sì ṣì ń retí ọdún tí ẹnì kan máa fi Òtútùbámi ránṣẹ́.

Ibi kan wà tí ọkọ̀ ìjọba kì í dé, ìyẹn ni ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá gbá yìnyín níbẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn ibi tí a ń gbé mọ́tò sí ló máa ṣẹ́jọ sí, kò sì ní sí ẹni tó máa lè jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí iṣẹ́ tó kan àwa fúnra wa. Ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà níwájú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti gbá. Òfin gbé e lé onílé, ayálégbé tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ń bójú tó ibẹ̀ lọ́wọ́. Bí yìnyín bá já bọ́ láàárín aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́, kété tó bá ti dá ni kí ẹ kó o. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti kó o tán kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lù. Ọ̀nà tí ẹ bá là gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ lè kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ní ìkángun títì. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 50 sí 500 dọ́là lójúmọ́.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí èèyàn fi ṣọ́bìrì ju yìnyín sójú títì. Òfin kò fàyè gba ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ bo ibùdókọ̀ tàbí ẹ̀rọ omi àwọn panápaná. Orí koríko tó wà nínú ọgbà yín ni kí ẹ kó o sí. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀: yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ fúyẹ́ bíi òwú, àmọ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́wàá bá ti tẹ̀ ẹ́, á le, á dán bíi díńgí, ṣọ́bìrì á máa ta padà lórí rẹ̀ ni, iyọ̀ nìkan ló sì lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà náà. Àgbàlagbà tàbí aláàbọ̀ ara tí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí lè pe 311, nọ́mbà fóònù ìjọba ìlú, kó sọ pé òun fẹ́ kí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ran òun lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé màmá àgbà kan ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ṣáà bá wọn kó o mọ́ tiyín.

Ẹ tún máa rí àga onírin, bùkẹ́ẹ̀tì tàbí tábìlì ìlọṣọ lójú títì níbi tí ẹnì kan ti kó yìnyín kúrò fún mọ́tò rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń sọ ni pé àyè náà ti ní olúwa. Kò sí òfin kankan tó ti í lẹ́yìn, ìjọba ìlú sì máa ń kó àwọn ẹrù náà dànù tó bá yá. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé irú àga bẹ́ẹ̀ kúrò tó sì páàkì síbẹ̀ lè bá táyà rẹ̀ nílẹ̀ lówùúrọ̀. Òfin wà lẹ́yìn yín, àmọ́ ẹ wá ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ inú ilé ló ká mi lára jù. Láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà, onílé tó ní ẹ̀rọ amúlégbóná ilé ní ìkáwọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ooru inú yàrá ayálégbé kò dín sí 68 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 66 láti ìgbà náà di àárọ̀. Onílé tó bá rú òfin yìí lè san 500 sí 1,000 dọ́là lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ̀n nínú yàrá, a ń wọ kóòtù sùn, a ń sọ pé bí Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru kékeré, ẹ gbé e sí àárín yàrá, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti sítóòfù, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ kọ̀wé sí onílé. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù náà tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe 311, ẹ sọ pé kò sí ooru nínú ilé, kí ẹ sì kọ nọ́mbà ẹ̀sùn tí wọ́n bá fún yín sílẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ló máa rán ayẹ̀léwò wá, ẹni tó bá sì dé tí kò bá èèyàn nílé kò lè wọ̀n ohunkóhun. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á bi yín léèrè ìwé ìgbélùú, torí òfin ìlú Chicago kò fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láṣẹ láti máa wádìí ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí onílé fi lílé kúrò dẹ́rù bà yín, nítorí pé òfin ayálégbé ìlú náà kò gbà á láàyè, nínú ọ̀pọ̀ ilé, pé kí onílé gbẹ̀san lára ẹni tó fẹjọ́ sùn.

Ẹni tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó gáàsì, tí agbára rẹ̀ kò sì ká a, lè lọ bá CEDA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó LIHEAP, ètò ìjọba tó ń bá àwọn tí owó wọn kò tó san owó gáàsì àti iná, ní agbègbè Cook tí Chicago wà, fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ààrò sítóòfù sílẹ̀ kí ilé lè gbóná. Afẹ́fẹ́ olóró tó lè jáde níbẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, ẹni tó bá ń sùn kò ní mọ̀ pé òun ń fà á sínú. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń kígbe nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá wà nítòsí ń ṣiṣẹ́ nílé yín; láti ọdún 1994 ni ìlú yìí ti sọ ọ́ di dandan.

Òtútù kan sì wà tó ju ti inú ilé lọ. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2019, òṣùwọ̀n ní pápákọ̀ òfuurufú O'Hare lọ sílẹ̀ dé 23 sísàlẹ̀ òdo, ní Fahrenheit. Kò sí ọyẹ́ tí a mọ̀ nílé tó sún mọ́ ọn. Irú òtútù yẹn lè ba awọ ara tí a kò bò jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé 32 tàbí tó lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ìjọba ìlú máa ń ṣí àwọn ibi ìyáná láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, Garfield Center tó wà ní òpópónà Kedzie sì ni àwọn tí kò ní ibùsùn ń lọ bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ẹ bá pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń dá gbé títí tí wọn kò gbé fóònù, ẹ pe 311, ẹ ní kí wọ́n bá yín yọjú wò wọ́n. Wọ́n máa ń lọ.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin, òfin páàkì òru á kásẹ̀ nílẹ̀. Yìnyín ṣì lè bọ́ lẹ́yìn ìyẹn, òfin ínṣì méjì sì wà síbẹ̀. Ooru inú ilé ní tirẹ̀ ku oṣù méjì gbáko. Onílé tó bá pa ẹ̀rọ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin nítorí pé òun rí oòrùn, ẹ pe 311.